Ihò Orí Òkìtì Vestby

Delmar Haugse ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀. Ọwọ́ òsì ló fi mú ṣọ́bìrì kékeré, ó ń gbẹ́ amọ̀ orí òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù máa ń dúró lé láàárín pápá bésíbọ́ọ̀lù ìlú Vestby. Ihò tó ń gbẹ́ kò fẹ̀ ju ìdí ìkòkò ọbẹ̀ lọ, kò sì jìn ju ìka mẹ́rin lọ. Ó bu amọ̀ líle jáde, ó fi iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ dí i, ó tẹ́ ojú rẹ̀, ó sì wọ́n omi díẹ̀ sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè bá ti ìyókù mu. Nígbà tó dìde, òun fúnra rẹ̀ ní láti wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí i.

Kò méfò ibi tó gbẹ́ ẹ sí. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Orrin Tveit, kóòṣì ìlú náà tẹ́lẹ̀, wá dán ọwọ́ rẹ̀ wò, Delmar dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó wo ibi tí ẹsẹ̀ òsì arúgbó náà balẹ̀ sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí arúgbó lọ tán, ó gún ìṣó kan mọ́ ipa ẹsẹ̀ náà. Ìṣó yẹn ló fà yọ láàárọ̀ yìí kó tó mú ṣọ́bìrì.

Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù Keje ọdún 1995. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ tó ń yẹ́ àwọn eléré bésíbọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ South Dakota sí máa wá fi orúkọ Kóòṣì Tveit kún ti àwọn ẹni ńlá. Àṣà wọn ni pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yẹ́ sí á kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù kan lórí pápá ìlú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé àwo idẹ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lé e lọ́wọ́. Àwọn arúgbó mìíràn a máa dúró sísàlẹ̀, níbi tó sún mọ́ ẹni tó máa hán bọ́ọ̀lù. Kóòṣì Tveit, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ní orí òkìtì lòun máa dúró, pé òun kò tíì kú.

Ohun kan ṣoṣo ni Delmar ń fẹ́: kí ọkùnrin náà ṣubú lójú gbogbo ìlú.

Kóòṣì gan-an ló kọ́ ọ ní ihò gbígbẹ́. Láyé ọjọ́un, bí àlejò bá ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù ní Vestby, Kóòṣì a ní kí wọ́n tú amọ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ajubọ́ọ̀lù àlejò máa balẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ onítọ̀hún a rì, bọ́ọ̀lù rẹ̀ a fò lọ sókè. Àwọn ọmọ Vestby ní tiwọn mọ̀ pé kí àwọn gbé ẹsẹ̀ sọ́wọ́ òsì díẹ̀, níbi tí amọ̀ ti le.

Delmar ni wọ́n fi ń yangàn nígbà náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ní 1963, nígbà tí wọ́n lọ gba ife ní ìlú Garrity. Eré méjì ni wọ́n gbá lọ́jọ́ kan, òun ló sì ju bọ́ọ̀lù nínú méjèèjì: bọ́ọ̀lù igba ó lé mọ́kànlá. Ní agbede eré kejì, ó tọ Kóòṣì lọ, ó ní apá òun ti ń jó bí iná. Kóòṣì ní bó bá sọ̀ kalẹ̀, kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ó padà sórí òkìtì. Wọ́n gba ife. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu. Nígbà tí ẹgbẹ́ ńlá kan rán èèyàn wá wò ó lẹ́yìn oṣù kan, Kóòṣì sọ fún ẹni náà pé apá ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ ló ṣojo. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tẹ̀ lé Delmar káàkiri ìlú. Láti ìgbà náà, ọwọ́ òsì ló fi ń ya irun, òun ló sì ń tọ́jú pápá.

Ní aago mẹ́wàá, Kóòṣì dé, ó ń tẹ̀pá. Ó ní ẹfun tí Delmar fi fa ìlà kò funfun tó, koríko gùn jù, kọfí tí wọ́n fún òun lẹ́nu ọ̀nà sì ti di omi adágún. Delmar ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣọ́bìrì àti garawa amọ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti dí ihò náà, ó sì ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé bí òun bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rere kan, òun á dí i.

Ó ní, “Kóòṣì, ṣé ẹ máa sọ̀rọ̀ Garrity lónìí?”

“Kí ló dé tí mi ò ní sọ ọ́? Garrity ló gbé mi dé ibi tí mo dé.”

“Ṣé ẹ máa sọ pé mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀?”

Kóòṣì wo apá ọ̀tún Delmar bí ẹni ń wo ọkọ́ tó ti yọ léèkù.

“Delmar, apá ọ̀pọ̀ èèyàn ló bàjẹ́ lábẹ́ mi. Ìwọ nìkan lo sọ tìẹ di iṣẹ́.”

Delmar gbé garawa, ó gbé ṣọ́bìrì, ó yíjú padà. Nígbà tó dé ẹnu ilé irinṣẹ́, ó bojú wẹ̀yìn. Kóòṣì wà lórí òkìtì, ó ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Delmar rò pé ó ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ tì ni.

Nígbà tó fi máa di aago méjì, àga ti kún. Òórùn ẹran àgùntàn tí wọ́n gún mọ́ igi tí wọ́n ń dín gba gbogbo pápá. Marlys Kappel, obìnrin tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ náà, ka iṣẹ́ Kóòṣì: ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ife mẹ́sàn-án. Delmar dúró ti géètì, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí òkìtì. Kóòṣì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sọ ìtàn Garrity, ó sọ ọ́ dáadáa, ó yọ ẹ̀bẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ jáde kí wọ́n rí bó ṣe ń gbọ̀n.

“Ọwọ́ yìí ò ṣeé fi ju nǹkan mọ́. Àmọ́ ẹni tó ju bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn wà níbí, òun ló ń gé koríko fún wa. Delmar, máa bọ̀. Wá bá mi jù ú.”

Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan gba réèkì lọ́wọ́ Delmar, ẹlòmíràn rọra tì í lẹ́yìn. Ilẹ̀ kò lanu kó wọlẹ̀. Ó gun orí òkìtì.

Kóòṣì fi bọ́ọ̀lù sí ọwọ́ ọ̀tún Delmar, ó sì ká ìka rẹ̀ lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn jìnnà sẹ́nu, ó sún mọ́ etí rẹ̀.

“Ta ló kọ́ ẹ ní ihò gbígbẹ́, ọmọ yìí?”

Ó rìn sọ́wọ́ òsì. Ó ki ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí amọ̀ ti le, ibi tí àwọn ọmọ Vestby máa ń gbé ẹsẹ̀ sí, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo eré.

Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí ẹsẹ̀ Delmar ré ihò náà kọjá. Lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìṣísẹ̀ rẹ̀ ì bá ti fi ẹsẹ̀ bàtà kan gbáko kọjá rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, ó fa apá ọ̀tún sẹ́yìn dé ibi tí kò dé láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ìrora gún un láti èjìká dé eyín. Ara rẹ̀ ká kò, ìṣísẹ̀ náà kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ inú ihò náà gẹ́lẹ́.

Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yí. Ó ṣubú, ó fojú lulẹ̀. Bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri díẹ̀, ó dúró sínú koríko.

Kóòṣì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu.

“Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ ọ́ tipẹ́. Kì í parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkórìíra. Ẹ̀rín ọjọ́ àríyá lásán ni, àwọn obìnrin tó ń bu kọfí fún Delmar láràárọ̀ wà lára wọn. Kóòṣì na ọ̀pá rẹ̀ sí i. Delmar kò rí nǹkan mìíràn dì mú, ó dì í mú, arúgbó náà sì fà á dìde. Ìgbà yẹn ni oníròyìn kan ya fọ́tò. Ẹnikẹ́ni tó bá rí fọ́tò náà yóò rí ọkùnrin rere kan tó ń gbé eléré rẹ̀ àtijọ́ dìde.

Ní aago márùn-ún, wọ́n ti kó àga lọ. Mọ́tò Kóòṣì dúró lẹ́bàá géètì, àwo idẹ wà lórí itan rẹ̀. Ó sọ wíńdò kalẹ̀.

“Dí i dáadáa,” ó ní. “Àwọn ará Garrity ń bọ̀ lọ́la. Tàbí kí o fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, bó o bá ṣì nígboyà.”

Mọ́tò lọ. Delmar gbé garawa amọ̀ wá. Ó fi ọwọ́ òsì kó iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ jáde títí tó fi kan ilẹ̀ líle, ó wọ́n omi sínú ihò, ó fi amọ̀ tuntun dí i ní ipele mẹ́ta, ó ń gún un bó ṣe ń dí i. Ó rọ́ ojú rẹ̀, ó sì fi tapólì bò ó. Kó tó kúrò, ó dìde dúró lórí ibẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó yí, ó gbé gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ lé e. Amọ̀ náà kò rì.

Ó kó ṣọ́bìrì pamọ́, ó ti ilé irinṣẹ́, ó sì ń tiro lọ sílé.