Ohun Tó Ń Dáhùn Nínú Ilé

Ẹni tó bá ní ẹ̀rù kì í ba òun, ilé ẹ̀ ò tíì sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó lanu ni. Ti Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ìyá rẹ̀ tó dé lánàá ń ká aṣọ lórí àga, tí ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ, nítorí pé ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, sì ń ya ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sínú ìwé.

Fóònù ni Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ń tún ṣe jẹun. Ó ní rédíò kékeré méjì tó máa ń kì bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọn kò ju àtàǹpàkò lọ. Etí lásán ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń gbọ́ ohun tí òpó fóònù ìta ń sọ, èkejì ń gbọ́ ohun tí fóònù tó bá wà nítòsí ń fi dá a lóhùn. Bí oníbàárà bá ní fóònù òun ti yadi, ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ bóyá ó yadi lóòótọ́. Òpó kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ló ń ké sí gbogbo àdúgbò. Ẹni tó bá ni nọ́ńbà á dáhùn, àwọn yòókù á panu mọ́.

Kò sí fóònù oníbàárà kankan ní títàn lọ́sàn-án yẹn. Wáyà tuntun kan tí àwọn rédíò náà fi ń gbọ́ràn ló fẹ́ dán wò. Òpó pe nọ́ńbà kan. Kíá, ìlà pupa fò sókè lójú kọ̀ǹpútà: nǹkan kan ti dáhùn, ohùn rẹ̀ sì le débi pé inú ilé yẹn náà ló gbọ́dọ̀ wà.

Ó pa fóònù tirẹ̀. Ó pa ti ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé fóònù mìíràn wà lọ́wọ́ yín?"

"Ọ̀kan tí mo ní yìí gan-an, ta ló tíì kọ́ mi tán?"

Òpó tún pe nọ́ńbà náà. Nǹkan náà tún dáhùn.

Àyà Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ já. Láti ìgbà tí Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ ti ṣẹ́ ẹ lápá ló ti gbé ọmọ sá. Ọkùnrin náà ti búra pé níbikíbi tí òun bá ti rí i, òun á gba ọmọ, òun á sì fi apá sílẹ̀, ọrùn ló kàn. Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ ibi tó wà.

Ohun mìíràn tún wà tó ń bà á lẹ́rù. Òpó, ìránṣẹ́ ni. Ẹnì kan wà níbì kan tó ń rán an pé, "Béèrè ibi tó wà." Níbẹ̀rẹ̀, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ lè tú odindi fóònù palẹ̀ kí wọ́n tó tún béèrè. Nígbà tó yá, kò lè tú nọ́ọ̀tì kan tán mọ́ kí ìpè tó tún wọlé. Ẹni tó jókòó sílé kì í béèrè ọ̀nà léraléra. Ẹni tó ti gbéra ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó gbé kọ̀ǹpútà lé apá, ó na wáyà síwájú, ó ń rìn kiri. Ní yàrá, ìlà pupa rọlẹ̀. Ní ilé ìdáná, ó tún kéré sí i. Ó padà sí pálọ̀, ó ń ga. Ó sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó kan òkè téńté.

"Mọ́mì, ṣé màmá àgbà ti di rédíò ni?" Pẹ́pẹ́yẹ bi í.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Abẹ́ aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń ká ni páwà-báǹkì wà, ẹ̀bùn tó gbé wá fún un. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ fi irin pẹlẹbẹ là á. Bátìrì inú ẹ̀ kò kún àpótí. Ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ibi téèyàn wà, pẹ̀lú síìmù rẹ̀, ló fẹ̀ jókòó sí ìyókù bí onílé.

"Màámi, ta ló fún yín?"

Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ wo ilẹ̀. "Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi. Ó sunkún. Ó ní kí iná má baà máa tán lórí fóònù ẹ ni, kí n má sọ pé òun ló rà á. Mo ní tó bá pẹ́ díẹ̀ màá sọ fún ọ, inú ẹ á rọ̀."

"Ẹ fẹ́ kí n padà."

"Mo fẹ́ kí ọmọ ní bàbá."

Inú bí i débi pé ojú ẹ̀ ṣú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ju ìbínú lọ. Ó na ọwọ́ láti fa síìmù yọ, ọwọ́ náà sì dúró. Bí nǹkan náà bá dákẹ́ níbí, ibí lọkùnrin náà máa wá, á sì máa kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé.

Ìyá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa á dé.

"Èmi ni mo gbé e wọlé, èmi ni màá gbé e jáde. Bọ́ọ̀sì tó bá ń lọ jìnnà jù ni màá wọ̀."

"Tó bá bá yín ńkọ́?"

"Ṣé ó máa na ìyá ìyàwó ẹ̀ ni?"

Ìyá rẹ̀ ti páwà-báǹkì bọ báàgì, ó wọ bàtà.

"Má sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ fún mi," ni ìyá rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹnu mi yìí, mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Má sì pè mí o. Gba ẹ̀yìnkùlé." Ó ń sáré, ìyá tí orúnkún ń dùn ún.

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ń ti aṣọ sínú báàgì, ojú rẹ̀ wà lára kọ̀ǹpútà. Òpó pè, ìlà pupa dáhùn wẹ́rẹ́. Òpó tún pè, kò sóhun tó dáhùn. Bọ́ọ̀sì ti gbé e. Ṣùgbọ́n òpó kò yé pè, nítorí gbogbo òpó agbègbè ló jọ ń wá ẹni kan, ibi yòówù kó sá dé. Ìpè tó ti ń já a láyà láti ọ̀sán, òun ló wá ń gbàdúrà pé kó má dáwọ́ dúró. Bí ọkùnrin náà bá ṣì ń béèrè, a jẹ́ pé kò tíì rí ìyá rẹ̀.

Ó wọ bàtà fún ọmọ. Òpó pè. Ó so báàgì. Òpó pè.

Lẹ́yìn náà, ìpè dákẹ́.

Ó dúró. Ó lè jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ti kúrò ní agbègbè yẹn. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń béèrè ti rí ìdáhùn. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀, òun náà kò mọ̀ ọ́n.

"Mọ́mì, ẹ pe màmá àgbà, kí wọ́n dúró dè wá."

Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ lórí. Ó ti fóònù náà bọ àpò láìtàn án, ó fa ọmọ lọ́wọ́, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé.