Ẹkún Abẹ́ Àgọ́ Zenebech

Lọ́dún tí ìjọba ológun ń pa àwọn ọmọ iléèwé ní Addis Ababa bí ẹni ń pa eṣinṣin, wọ́n tún fi òfin de ẹkún. Ẹni tí wọ́n bá pa ọmọ rẹ̀ pé ó jẹ́ ọ̀tá ìlú kò gbọdọ̀ sunkún, kò gbọdọ̀ wọ aṣọ dúdú, kò sì gbọdọ̀ da ìborùn funfun rẹ̀ bora bí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ti máa ń ṣe. Ìjọba tó pa ọmọ ló tún fẹ́ máa ṣọ́ ojú ìyá.

Girmachew nìkan ni Askale bí. Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ju òkú rẹ̀ sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé páálí kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n kọ ọ̀dàlẹ̀ sí i. Askale dé ibẹ̀, ó rí i. Ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tó gbé ìbọn dání kò wo òkú, ojú Askale ló ń wò. Askale kọjá. Ó lọ ra àlùbọ́sà lọ́jà, ó sì padà sílé pẹ̀lú ojú gbígbẹ. Kò dárí ohun tó ṣe yẹn ji ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó lọ bá Bàbá Kassahun, alága ẹgbẹ́ ìsìnkú àdúgbò. Ẹgbẹ́ yìí ló máa ń ta àgọ́ sí ojúlé olókùú fún ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n á kó àga àti ìkòkò wá, tí àwọn obìnrin wọn á sì máa yan injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, fún àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn. Kò sí ẹni tó kú ládùúgbò náà tí Askale kò bá wọn dáná fún.

"Bàbá, ẹ bá mi ta àgọ́."

"Àgọ́ kẹ̀? Kí wọ́n lè kó gbogbo wa lábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?" Bàbá Kassahun yọjú wo ìta, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Askale, máa lọ sílé. Ọmọ kankan ò kú nílé rẹ."

Ìyá Girma, ìkékúrú orúkọ ọmọ rẹ̀, ló máa ń pè é tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló di Askale lẹ́nu rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá Zenebech kú. Ògiri kan ló pín ilé Zenebech àti ti Askale níyà, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n sì ti ń mu kọfí láràárọ̀. Orí ibùsùn rẹ̀ ni ìyá arúgbó náà kú sí, ogbó ló mú un lọ, ìjọba kò lọ́wọ́ sí i. Kí oòrùn tó mú, àgọ́ ti dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó tì mí," Zenebech dì mọ́ ọn. "Ẹ má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lónìí."

Askale jókòó tì í. Nígbà tí wọ́n gbé òkú láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí itẹ́ òkú, tí wọ́n sì padà wá sílé, àwọn obìnrin pagbo níwájú àgọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe é ni pé ọ̀kan á bọ́ sáàárín, á máa lu àyà, á máa ki ẹni tó lọ, àwọn yòókù á sì máa gbè é. Bí o bá ní òkú tìrẹ lọ́kàn, o lè fi omijé tìrẹ kún un, ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́. Orúkọ ẹni tí wọ́n ń sin nìkan ni o gbọdọ̀ máa pè.

Askale bọ́ sáàárín. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìyá arúgbó lòun fẹ́ kì.

"Girmachew," ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Girmachew ọmọ mi, mo rí ọ, mo kọjá lára rẹ. Wọn ò jẹ́ n fọwọ́ kàn ọ́. Wọn ò jẹ́ n sin ọ́."

Lẹ́yìn náà ni ìyá aláta pe Alemayehu tirẹ̀ tí wọ́n pa. Ìyàwó télọ̀ pe ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Orúkọ ń jáde lọ́tùn-ún lósì, àwọn obìnrin tó ti pa ẹkún mọ́nú láti oṣù mélòó kan ń wó lulẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí ìyá arúgbó mọ́. Zenebech dúró láàárín wọn, ó ń wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì rí ẹnì kan tó ń bá òun sunkún.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ dé, wọ́n yìnbọn sókè, gbogbo wọn sá. Bàbá Kassahun fúnra rẹ̀ ló já okùn àgọ́. Askale na ọwọ́ méjèèjì sí wọn pé òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn tì í sẹ́yìn. Ó ní ẹni tó ni àgọ́ ló ni ìpàdé. Zenebech ni wọ́n mú lọ.

Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ògiri ló ń dì mú rìn. Wọ́n ti na àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ́. Ẹnu ọ̀nà Askale ló kọ́kọ́ dúró sí.

"Wọ́n ní èmi ni mo pè yín jọ."

"Zenebech, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣe lẹ bá sọ fún mi. À bá ti ilẹ̀kùn, à bá faṣọ bo ẹnu, ká jọ sunkún ẹ̀. Ṣebí èmi náà pọn Girma." Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá mi ò ní ju ẹkún ọjọ́ kan yẹn lọ."

Askale fẹ́ sọ pé òun kò mọ ìgbà tí ẹnu òun là. Irọ́ ni. Láti ìgbà tó ti gbọ́ pé arúgbó kú ni inú rẹ̀ ti dùn pé àgọ́ máa wà.

"Ó dáa," ni Zenebech wí. "Ẹ ti sun ún. Ṣé ó wá tó yín?"

Askale wo ẹsẹ̀ tó wú náà títí.

"Kò tó," ló wí.