Fìlà Làtíìfù ní Ilé Èrò

Ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni Làtíìfù, ọkọ mi, ti kọ́kọ́ fi ilé èrò yẹn hàn mí ní Peckham. Àwọn oníṣòwò tó ń da màlúù lọ sí ọjà London ló máa ń sùn síbẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, ó ní, "Ìyá Àìṣát, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, èmi àtìẹ la jọ máa wọlé." Ó kú kí wọ́n tó ṣí i.

Nígbà tí mo jáde opó, Àìṣát ọmọ wa mú mi lọ. Ibi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́ tẹ́lẹ̀ ti di ìsọ̀. Wọ́n ń ta ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń ta aṣọ, òyìnbó kan jókòó ó ń mọ ìkòkò. Orí tábìlì kan ni mo ti rí fìlà aṣọ òkè kan. Mo yí inú rẹ̀ síta. Òwú pupa ni wọ́n fi lẹ ibi tí kòkòrò jẹ. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Òwú dúdú ti tán nílé lọ́jọ́ náà, Làtíìfù sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló máa wo inú rẹ̀?"

Lọ́jọ́ fìdáù rẹ̀, àáfà wí pé ohun tí a fẹ́ràn jù ni kí a fi ṣe sàárà fún òkú. Mo gbé fìlà náà lé orí àwọn aṣọ rẹ̀ tí a kó jọ fún sàárà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá a kiri inú yàrá, bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà.

"Uncle kan ló tà á fún mi, Ma," Dámisọ́lá tó ni ìsọ̀ sọ. "Wọ́n ní owó ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju fìlà lọ."

"Mummy, ẹ ṣáà rà á," Àìṣát sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "It's Daddy's."

"Sàárà ni. A kì í gbà á padà."

"Ẹ ò gbà á padà, ẹ fẹ́ rà á ni."

"Ọgbọ́n ọmọ London nìyẹn. Ṣé kí n gba láádá bàbá ẹ lọ́wọ́ wọn?"

Síbẹ̀ n kò gbé e sílẹ̀. Mo gbé e súnmọ́ imú. Òórùn ìsọ̀ ló ń rùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti dúró tì wá. "Sorry, Aunty, ṣé ẹ fẹ́ rà á? Nikah mi ni Saturday, mi ò ní fìlà."

Mo wo Àìṣát. Ó gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo na fìlà náà sí ọmọkùnrin náà. Ó dé e gan-an-ran, bí agolo. Àìṣát rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀.

"Bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ọmọ mi." Mo tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún fún un, bí mo ti máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀ Jímọ̀. "Wàá dé e gbó." Àdúrà tí mo ṣe fún Làtíìfù nìyẹn, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé e.

"Àmín, Mummy," ọmọkùnrin náà dáhùn.

Ó sanwó, ó gba àgbàlá kọjá. Mo ń wo fìlà náà láti ẹ̀yìn títí ó fi yà sí Rye Lane. Mo ti la ẹnu láti pe orúkọ kan. N kò pè é.