Òkú Inú Túùbù Kẹrìnlá

"Omi ẹ̀rọ! Ìyá Chomba, omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi pò ó! Omi tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n dà lé iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lórí!"

Dókítà Jere ló ń pariwo báyẹn. Ó na túùbù kẹrìnlá sójú fèrèsé bí ẹni tó bá eṣinṣin nínú ọbẹ̀.

"Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ló dákẹ́ lọ́jọ́ Ajé," ni mo dá a lóhùn. "Luyando bu omi ẹ̀rọ dípò. Ó ṣe é tán, ó sì jẹ́wọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ariwo sílẹ̀ ná. Nínú ogún túùbù tá a tò kalẹ̀, èwo ló ṣiṣẹ́?"

Ó tún gbọn túùbù náà wò.

"Dókítà, mo ní èwo ló ṣiṣẹ́?"

"Kẹrìnlá."

"Èwo ni Luyando fi omi ẹ̀rọ pò?"

"Kẹrìnlá náà ni! Kí ni mo wá ń pariwo sí? Kòkòrò inú omi ẹ̀rọ ló jẹ sítáàṣì yẹn, kì í ṣe gbòǹgbò yín!"

Luyando, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi iṣẹ́ yìí wá oyè kejì, ti rá mọ́ ẹ̀yìn fíríìjì. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ọ̀rọ̀ munkoyo ló ń bí gbogbo ìjà yìí. Ta ni kì í mu ún ní Lusaka? Wàá ro ẹ̀kọ àgbàdo kó ki, wàá jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, wàá wá ju gbòǹgbò tá a ti gún sí i. Kó o tó kí aládùúgbò rẹ tán, ẹ̀kọ tó ki bí ẹrẹ̀ ti di omi, ó ti ń dùn. Ohun kan ń bẹ nínú gbòǹgbò yẹn tó ń gé sítáàṣì, ohun tó ń mú ẹ̀kọ ki, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ́ńsáìmù ni, ọ̀kan nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún purotéènì tó kóra jọ sínú igi. Iṣẹ́ wa ni ká yọ òun nìkan ṣoṣo láàárín wọn, ká mọ ìwọ̀n rẹ̀, ká mọ ooru tó fẹ́, ká mọ ohun tó ń bí i nínú.

Tá a bá rẹ gbòǹgbò sómi, ó ń ṣiṣẹ́ bí iná. Tá a bá da iyọ̀ sí i kí purotéènì lè ṣù jọ sísàlẹ̀, ó ń lọ́ra. Tá a bá wá dà á gba inú ọ̀pá gíláàsì tó ń ya purotéènì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó mọ́ débi pé ìlà kan ṣoṣo ló ń hàn lójú jẹ́ẹ̀lì tá a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ìlà tó dá dúró bí ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Ó mọ́, àmọ́ ó ti kú. Ẹ bá a gbé sítáàṣì síwájú, kò ní wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú, àfi èyí tó wà nínú túùbù kẹrìnlá yìí.

Dókítà wá dá ẹjọ́ tirẹ̀: gbòǹgbò kò ní nǹkan kan, kòkòrò ara èèpo rẹ̀ àti ti inú omi ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, àwọn tó ń ṣèwádìí oúnjẹ adìyẹ ló máa gba ọ̀pá gíláàsì wa. Luyando á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọdún kan á wọgbó.

Mo ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nínú láàbù yìí. Ìgò ni wọ́n ní kí n wá máa fọ̀. Ìwé tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì ni mo ń kà bí mo ṣe ń nu gíláàsì gbẹ. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè fi oyè dẹ́rù bà mí.

"Kòkòrò kọ́," ni mo wí.

"Ẹ̀yin Bemba!" Dókítà mi orí. "Ẹran ọ̀bọ tẹ́ ẹ ń jẹ ti gun orí yín lọ."

Ẹnu rẹ̀ ni mo ń wò tẹ́lẹ̀. Ọ̀kọ̀ ni àwọn baba ńlá àwa Bemba àti ti àwọn Ngoni, ẹ̀yà Dókítà, fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nígbà kan. Ìgbà tí ogun tán, èébú ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tí Bemba bá sọ sí Ngoni, ọ̀gá kankan ò lè kọ lẹ́tà ìbáwí lé e lórí.

"Ìwọ ọmọ Ngoni," mo bọ́ 'ẹ' kúrò lẹ́nu, "ìwọ tó ń jẹ eku tìrùtìrù, o ò rí nǹkan kan bí kò bá ní ìrù!"

Àwọn ọmọ yàrá kejì ti kún ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rín ta. Dókítà náà fẹ́ rín, ó gbé e mì.

"Ó dáa. Bí òkú yìí bá jí láìsí kòkòrò nínú rẹ̀, màá kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yìí, màá fi ọwọ́ méjèèjì gbé munkoyo fún Bemba. Bí kò bá jí, ẹ̀yin lẹ máa kúnlẹ̀, ẹ máa kí mi ní Aṣẹ́gun-Bemba láràárọ̀ títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì."

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ o!" ni mo wí.

Ohun tí mo ṣe kò le. Mo gbé kẹ́tùlù tíì, mo se omi ẹ̀rọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko kí kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ lè kú pátá. Bí omi sísè bá jí òkú, kòkòrò ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn. Ní Ọjọ́rú, a fi omi náà pò òkú yẹn, a da sítáàṣì sí i, a kán ayodíìnì sí i. Sítáàṣì tí ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ máa ń di dúdú tí ayodíìnì bá kàn án; tí wọ́n bá ti jẹ ẹ́ tán, àwọ̀ oyin ayodíìnì náà ló máa ń hàn.

Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. A dúró títí, dúdú náà ni.

Dókítà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ se omi, kòkòrò kú, iṣẹ́ kú. Òkú tó wẹ̀ lẹ gbé fún mi, Ìyá Chomba. Òkú tó wẹ̀, òkú ṣì ni."

Mo da omi dúdú náà nù.

Mo gbé kẹ́tùlù jáde láti lọ fọ̀ ọ́. Mo fi èékánná ha inú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, èèpo funfun kan sì ṣí, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi bí èèpo ẹyin. Kò sí kẹ́tùlù tí kì í wọ ẹ̀wù yẹn ní Lusaka. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ha á dànù.

Ẹfun ni! Kálísíọ̀mù! Ohun tó wà nínú omi tútù tí kò sí nínú omi sísè, òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Sísè pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ ó tún fa ẹfun jáde kúrò nínú omi!

Ìyá mi kékeré ń ta munkoyo ní Chilenje. Àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ tó ń kìlọ̀ pé ká má fi omi òjò rẹ gbòǹgbò, pé ẹ̀kọ á kàn jókòó, á máa wo èèyàn bí ọlọ̀tẹ̀. Omi òjò! Omi tí kò ní ẹfun kankan nínú!

Mo sáré padà. Lára ògiri ni òfin Dókítà wà, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ kọ ọ́. Òfin kìíní: kẹ́míkà EDTA ni ká kọ́kọ́ dà sínú omi gbogbo. Kí ni iṣẹ́ EDTA? Kó gbá irú nǹkan bíi kálísíọ̀mù mú, kó má jẹ́ kó sún mọ́ ohunkóhun. Purotéènì tí Dókítà fi gba oyè lókè òkun kò fẹ́ nǹkan bẹ́ẹ̀ lára. Tiwa ńkọ́? Eyín la ń yọ lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, a wá ń bínú pé kò jẹun!

"Luyando! Jáde lẹ́yìn fíríìjì!"

"Màmá, ṣé orí yín pé?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ni!"

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo ní kí wọ́n pe Dókítà wá. Omi tí ẹ̀rọ sẹ́ la lò, wọ́n ti tún ẹ̀rọ náà ṣe. Kálísíọ̀mù láti inú ìgò tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí rí ni mo pò sí i, mo sì fi asẹ́ tí kòkòrò ò lè gbà kọjá sẹ́ ẹ. Túùbù mẹ́rin ló jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Òkú nìkan wà nínú èkíní, kálísíọ̀mù nìkan nínú èkejì. Òkú àti kálísíọ̀mù wà nínú ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kẹrin, àfi pé mo ti se òkú tirẹ̀ jinná. Gbogbo wọn ní sítáàṣì nínú. Àwo funfun tó ní ihò wẹ́wẹ́ wà níwájú wa, ayodíìnì nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ní ìṣẹ́jú méjì méjì, Luyando á kán ẹ̀kán kan láti inú túùbù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kán àkọ́kọ́: dúdú, dúdú, dúdú, dúdú.

"Ẹ ṣeun o," ni Dókítà wí.

Ẹ̀kán kejì: dúdú, dúdú, elésè àlùkò...

"Háà!" Àwọn ọmọ yàrá kejì tó tún kún ẹnu ọ̀nà ló ké.

Ẹ̀kán kẹta: túùbù kẹta pupa rúsúrúsú. Ẹ̀kán kẹrin: ó mọ́ rekete, àwọ̀ oyin. Àwọn mẹ́ta yòókù dúdú bí èédú.

"Ẹ dá a dúró!" Dókítà já ohun ìkánmi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọwọ́ ara mi ni màá fi ṣe é." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pò òmíràn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kán an. Àwọ̀ oyin. Ó da EDTA sí i, ó tún da sítáàṣì sí i: dúdú. Ó da kálísíọ̀mù lé e, ó dúró, ó kán an: àwọ̀ oyin.

"Ó kú!" ló ń pariwo. "Ó jí! Luyando, ó kú, ó tún jí! Kọ ọ́ sílẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹ sọ fún àwọn olóúnjẹ adìyẹ kí wọ́n wá ọ̀pá gíláàsì tiwọn!" Luyando ń sunkún, ó ń fò, ó ń kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, mo gbé ìgò munkoyo tí ìyá mi kékeré fún mi jáde, mo gbé ife tì í.

"Ẹnu ọ̀nà rèé, ọmọ Ngoni."

Dókítà wò mí, ó wo èrò tó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká ẹ̀wù funfun rẹ̀ sókè, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì kan sìmẹ́ǹtì. Ó bu munkoyo sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

"Ẹni tó gbé e wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò," ni mo wí. "Àbí àṣà ti bọ́ sọnù lókè òkun?"

Ó mu ún. Ó tún mu. Ó fi ahọ́n lá ètè.

"Ó dùn o, Ìyá Chomba. Ó dùn gan-an. Omi wo ni wọ́n fi ṣe é?"

"Omi ẹ̀rọ."