Sọ́ńdè Mẹ́ta Kí N Tó Ta Máṣíìnì Mi

Àárín tírélà méjì ni mo wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ́jọ́ tí mo mọ̀ pé ọ̀kadà ti sú mi. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún mi, ọ̀kan wà lápá òsì, àyè tó wà láàárín wọn kò sì fẹ̀ ju férémù ilẹ̀kùn lọ. Èrò tó wà lẹ́yìn mi, obìnrin kan tó ń lọ sí Kámpù, ibùdó àdúrà àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, ti pariwo "Jésù!" tó ìgbà mẹ́fà. Èmi yán. Mo la ẹnu sílẹ̀, mo yán bí ẹni tó jókòó síwájú ilé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí obìnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó gbàdúrà fún mi, ó ní ọkàn mi balẹ̀ gan-an. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Kò kàn sí nǹkan kan nínú ọkàn ọ̀hún ni.

Ọdún 2006 nìyẹn. Mọ́nsúrù ni orúkọ mi, ọmọ Ìkìrun ni mí, iṣẹ́ káfíńtà ni mo bá wá sí Mowe. Nígbà tí mo ra máṣíìnì, kì í ṣe pé mo fẹ́ fi gbé ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bí mo bá kírun Jímọ̀ tán, màá gùn ún dé Ìbafọ̀, màá mu mínírà kan, màá yí padà. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo lọ ṣe, màá ní mo lọ mu mínírà. Wọ́n ń ta mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Gbogbo àdúgbò Lotto mọ̀ pé orí mi kò pé tó bá di ọ̀rọ̀ máṣíìnì, wọ́n sì fi mí sílẹ̀.

Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn onírin gbòde, kò sẹ́ni tó fẹ́ ra ti onígi mọ́. Ìyàwó mi, Wòsílátù, ló sọ ọ́ wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ kúkú fẹ́ràn máṣíìnì, ẹ máa fi ṣiṣẹ́." Ó dùn gbọ́ létí. Èmi náà rò pé wọ́n fẹ́ máa sanwó fún mi kí n máa jayé ni. Mo forúkọ sílẹ̀ ní páàkì, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo di ọlọ́kadà. Ọdún kẹrin rèé, n kò sì tíì lọ sí ibì kan tí mo yàn fúnra mi láti ìgbà náà. "Ẹ yà síbí." "Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn." "Ẹ̀yin ò lè sáré ni?" "Ọ̀gá, àbẹ́gì, ẹ rọra, mo lóyún o." Ẹni tó ní kí n sáré àti ẹni tó ní kí n rọra, èèyàn kan náà ni nígbà mìíràn. Bí oṣù bá sì bẹ̀rẹ̀ tí Kámpù bá ní àìsùn, èrò máa ń pọ̀ débi pé n kì í rántí ojú ẹnì kankan nínú wọn. Bí wọ́n ṣe wúwo sí ni mo fi ń dá wọn mọ̀.

Ó dùn mí. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà le, iṣẹ́ káfíńtà náà le. Ohun tó dùn mí ni pé nǹkan kan ṣoṣo tí mo fẹ́ràn láyé yìí láìnídìí ti di nǹkan tí mò ń jókòó lé lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo wá oògùn rẹ̀. Ṣàmsúdéènì, mẹkáníìkì mi, ní kí n pààrọ̀ sálẹ́ńsà. Ó ní máṣíìnì tí kò bá ké kò lè dùn ún gùn. Ó fi ọ̀kan tó ń ké sí i. Lọ́jọ́ kejì, pásítọ̀ tó ń gbé ní ìkejì ilé wa wá bá mi, ó fi sùúrù bi mí bóyá èmi àti Ọlọ́run ní aáwọ̀ kan. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní kí Ṣàmsúdéènì yọ ọ́. Ó ní kí n wá gbìyànjú ìjókòó tuntun, èyí tó nípọn. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ìdí mi gbádùn, èmi kò gbádùn.

Ni mo bá pinnu. Oko adìyẹ kan wà lápá Ìfọ̀ tí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ géètì. Iṣẹ́ náà ni pé kí èèyàn jókòó sórí àga. Bí mọ́tò bá dé, á dìde, á ṣí géètì, á tì í, á tún jókòó. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Mo rí ẹni tí yóò ra máṣíìnì náà, ọmọkùnrin kan láti Akute tó ń jẹ́ Mùsáfírù, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀kadà. Mo fún un lọ́rọ̀ mi pé n kò ní tà á fún ẹlòmíràn. Ó ní òun á wá gbé e ní aago mọ́kànlá àárọ̀, Sọ́ńdè tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn. Sọ́ńdè mẹ́ta ló kù.

Iṣẹ́ aránṣọ ni Wòsílátù ń ṣe. Ó ń ránṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ fún un. Kò dúró, ó rán an dé etí, ó gé òwú, ó wá ní, "Kẹ́ ẹ tó tà á, ẹ kọ́ mi."

"Kí n kọ́ ẹ ní kí ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń jókòó sẹ́yìn yín, Bàbá Sọ̀fí. Mo mọ ẹ̀yìn ọrùn yín ju ojú yín lọ. Èmi náà fẹ́ wò ó láti iwájú kó tó lọ."

Sọ̀fí tó fi ń pè mí ni Sọ̀fíyátù, ọmọ wa. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé n kò tíì rí obìnrin tó ń gun ọ̀kadà ní Mowe. Ó ní òun náà kò tíì rí i, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Sọ́ńdè ni ká máa lọ.

Ẹni tí kò bá gbé Mowe lè má mọ ohun tó ń sọ. Láti aago mẹ́sàn-án títí di aago méjìlá ní Sọ́ńdè, gbogbo ìlú ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ̀nba àwa Mùsùlùmí àti ewúrẹ́ ló kù níta. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ mọ́tò, tó fẹ́ kọ́ máṣíìnì, tí kò sì fẹ́ kí ayé fi òun rẹ́rìn-ín, àsìkò yẹn ló ń jáde. Ọkùnrin mẹ́ta ni mo ti kọ́ ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Wòsílátù ni obìnrin àkọ́kọ́.

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ó wọ ṣòkòtò mi àtijọ́ kan, ó ró ìró lé e, ó wé híjáàbù rẹ̀ dáadáa. Mo fi kílọ́ọ̀ṣì hàn án, mo fi gíà àti búrèkì hàn án, mo sì fi ibi tí wọ́n ti ń fún un níná hàn án. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà mọ́kànlélógún. Mo kà á nítorí pé kò sí nǹkan mìíràn tí mò ń ṣe. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá ààbọ̀, máṣíìnì náà lọ. Kò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ó lọ.

"Ẹ wò ó!" ó ń pariwo. "Bàbá Sọ̀fí, ó ń lọ!"

Mo ní ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń fi ẹnu yí gíà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ rò pé ó ń kọrin.

Sọ́ńdè kejì, ó ti mọ̀ ọ́n débi pé mo lè dúró sójú kan kí n máa wò ó. Ó lọ, ó yí bọ̀, ó tún lọ. Ó dára lójú. Àṣìṣe tó ṣe ni pé ó bojú wẹ̀yìn láti wò ó bóyá mò ń wo òun. Táyà iwájú bọ́ sínú iyanrìn. Máṣíìnì ṣubú sápá òsì, Wòsílátù ṣubú sápá ọ̀tún.

Mo sáré. Mo sáré kọjá lára ìyàwó mi, mo dé ìdí máṣíìnì, mo gbé e dìde. Mo yí epo rẹ̀ pa. Mo wo ẹ́ńjìnnì, mo wo ibi tí èrò ń gbẹ́sẹ̀ lé, ó ti wọ́. Mo fi etí ẹ̀wù mi nu iyanrìn kúrò lára táǹkì rẹ̀. Mò ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ o."

Nígbà tí mo gbójú sókè, Wòsílátù ṣì jókòó sínú iyanrìn, ó ń wò mí. Ṣòkòtò mi tó wọ̀ ti ya, orúnkún rẹ̀ sì ti bó.

"Ta lẹ̀ ń kí ní pẹ̀lẹ́?" ó bi mí.

Ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn ara rẹ̀, ó rìn lọ sílé.

Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe, pẹ̀lú orúnkún tó bó yẹn. Bó bá gbé oúnjẹ wá, á tún kúnlẹ̀. Mo ní kó máa dúró kí mi títí yóò fi san. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ó kúnlẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn.

Ní Tọ́sìdeè, mo fi èrò sílẹ̀ ní páàkì, mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ìyá Sọ̀fí, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣàṣìṣe."

"Ẹ ò ṣàṣìṣe," ó ní. "Ohun tó wà lọ́kàn yín lẹ ṣe. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàlàyé fún mi ni. Nǹkan tẹ́ ẹ ní ó ti sú yín, tẹ́ ẹ fẹ́ tà dànù, kí ló dé tẹ́ ẹ fi rékọjá mi lọ bá a?"

Mo wá irọ́ tí màá pa, n kò rí ọ̀kankan. "Nígbà tí mo rí i nílẹ̀, àyà mi já."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ ti ń tún híjáàbù ẹ ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Kì í ṣe máṣíìnì ló sú yín, Bàbá Sọ̀fí. Èèyàn ló sú yín. Èmi náà sì wà lára èèyàn ọ̀hún. Ẹ wá fẹ́ ta máṣíìnì, kẹ́ ẹ lọ jókòó ti adìyẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára nítorí pé òótọ́ ni. Lọ́dún mẹ́rin, ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sẹ́yìn mi ti di ẹrù lójú mi, ìyàwó mi wà nínú wọn, n kò sì mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mo ní ojú ń tì mí. Mo tún ní mo ti fún Mùsáfírù lọ́rọ̀. Ó ní òun gbọ́, ó sì tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé, mo fi òòlù na ibi tó wọ́ títí ó fi tọ́, mo fọ máṣíìnì náà, mo fi epo nù ún. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń ṣe é. Ẹ̀rù sì bà mí, nítorí pé ọjọ́ kejì ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e.

Mùsáfírù dé kí aago mọ́kànlá tó lù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó wò ó yíká, ó fọwọ́ kan táyà. Wàyí o, láàárín àwa ọlọ́kadà, ẹni tó ń ra máṣíìnì kì í gùn ún kó tó sanwó. Ẹni tó ń tà á ló máa gbé ẹnì kan sẹ́yìn, á gùn ún yípo àdúgbò, kí ẹni tó ń rà á lè gbọ́ bó ṣe ń dún pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹnì kan yípo kan fún mi," ó ní.

Mo pe Wòsílátù. Ó jáde wá, ṣòkòtò tó ya yẹn ló wọ̀, ó ti rán ojú orúnkún rẹ̀. Kò lọ sẹ́yìn. Iwájú ló gbẹ́sẹ̀ sọ́dá sí. Ó fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì dáhùn.

"Bàbá Sọ̀fí, ẹ gòkè."

Mùsáfírù wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àǹtí mọ̀ ọ́n gùn?"

"Ó ń kọ́ gígùn rẹ̀ lọ́wọ́," mo ní, mo gòkè.

N kò jókòó sẹ́yìn máṣíìnì náà rí. N kò mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ mi sí. Ó gbé e lọ sí ojú ọ̀nà Ọ̀fàdà, àdúgbò dá páropáro, orin ṣọ́ọ̀ṣì ń wá láti ọ̀tún, òmíràn ń wá láti òsì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ráyè wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ parí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ òféèfé. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń pariwo, "Rọra! Kòtò ń bọ̀! Kò sí búrèkì ni?"

"Ẹ̀yin èrò yìí, ariwo yín ti pọ̀ jù," Wòsílátù ní.

Ẹ̀rù ń bà mí, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ó ń dùn mọ́ mi débi pé omi lé sí mi lójú, n kò sì fẹ́ kó rí i. Kò lè rí i, iwájú ló ń wò.

A dé ibi tó yẹ ká ti yí padà. Kò yí padà. Mo ní, "Ìyá Sọ̀fí, Mùsáfírù ń dúró dè wá."

Ó rọra tẹ búrèkì, ó fi ẹsẹ̀ kan lélẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé kí n yí padà?" ó ní.

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kó yí padà, á yí padà láìjiyàn. Á gbé e lé Mùsáfírù lọ́wọ́, á padà sídìí aṣọ tó ń rán, èmi á sì lọ jókòó sórí àga ní Ìfọ̀. Mo sún mọ́ ọn. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì yí i níbàdí, lójú títì, ní Mowe, lójúmọmọ.

"Má yí padà," mo ní. "Máa lọ."

Ó ní kí n di òun mú dáadáa, òun kò tíì lo gíà kẹta rí.