Alátakò Ni Ojú Rẹ

Bí ẹ bá rí ọkùnrin mẹ́jọ tí irun orí wọn ti ń funfun, tí wọ́n ń fi irin gbá bọ́ọ̀lù tí kò tó ẹyin adìẹ, tí wọ́n tún ń wá a kiri inú koríko bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ Sátidé nìyẹn. Wọn kì í ṣe olówó. Ilé iṣẹ́ kan ló fi pápá gọ́ọ̀fù náà sílẹ̀ nígbà tó kó kúrò ní àdúgbò, àwọn fúnra wọn ló sì ń gé koríko ibẹ̀. Ihò mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Eku ló gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà á mọ́ ìyókù.

Nínú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ìfagagbága Télọ̀ àti Dírẹ́bà ló dùn ún wò jù. Télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lójú títì. Dírẹ́bà ń wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́. Àwọn méjèèjì ti ń bára wọn díje kí àwọn ọmọ wọn tó mọra wọn rárá. Nígbà tí ọmọbìnrin Télọ̀ wá fẹ́ ọmọkùnrin Dírẹ́bà, àwọn aya wọn ní kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fúnra wọn, pé àna kì í ṣe ẹni à ń bá ṣeré ìjà. Wọ́n gbìyànjú lóòótọ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, Dírẹ́bà tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbá tiyín." Télọ̀ gbá a. Bọ́ọ̀lù lọ kọlu igi, ó ta padà, ó sì wá dúró sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Háà!" ni Dírẹ́bà wí. "Bọ́ọ̀lù rẹ mà mọ ilé o!"

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ṣe tán láàrin wọn nìyẹn.

Ẹgbẹ́ náà ní òfin kan. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù kọ́ ló máa ṣọ́ ibi tó bọ́ sí. Ẹni tí wọ́n jọ ń díje ló máa ṣọ́ ọ, òun náà ló sì máa mú un lọ síbẹ̀. "Alátakò ni ojú rẹ," ni wọ́n máa ń wí. Oníbúrẹ́dì, alága wọn, ló ṣe òfin yìí, nítorí pé àwọn àgbàlagbà kan ń fi ẹsẹ̀ yọ bọ́ọ̀lù wọn kúrò nínú igbó, wọ́n á tún máa búra pé ibi tó dára ni àwọn bá a. Òfin náà ṣiṣẹ́. Ojú ti àwọn olè, eré sì dùn. Ẹnikẹ́ni ò ronú pé òfin tó ń tú àṣírí olè lè máa bo àṣírí ẹlòmíì mọ́lẹ̀.

Àṣírí Dírẹ́bà ló ń bò. Ó tó oṣù mélòó kan tí Télọ̀ ti ń kíyè sí i pé kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ sílẹ̀ rárá ni àna òun ti ń béèrè pé, "Ó dà?" Bí wọ́n bá dé ẹ̀bá ihò, Dírẹ́bà á ní, "Lọ dúró lẹ́yìn ihò yẹn, kí n lè máa wo bàtà rẹ tó rí wúruwùru." Télọ̀ á lọ dúró, á bú u padà, Dírẹ́bà á sì rọra ti bọ́ọ̀lù náà wọlé. Ó ń jáwé olúborí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tó ti ń ṣe nǹkan láti ọdún pípẹ́ kò ní gbàgbé. Ohun tó ń dun Télọ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́ta léra wọn ni Dírẹ́bà ti gba ife ìdíje ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì máa ń fi ife náà mu omi níwájú rẹ̀, á tún pọ́n ẹnu lá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń bínú kì í ríran dáadáa. Télọ̀ rò pé ìwọ̀sí lásán ni gbogbo rẹ̀.

Sátidé kan wá dé lẹ́yìn òjò. Dírẹ́bà gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, Télọ̀ sì mú un dé ìtòsí ibẹ̀, ó ní, "Òun nìyẹn níwájú rẹ." Okùn bàtà Télọ̀ tú, ó bẹ̀rẹ̀ láti so ó. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, Dírẹ́bà ti dúró, ó ti ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ó sì ju irin rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ohun funfun kan fọ́ wẹ́wẹ́, ó sì fọ́n ká.

Olú ni. Olú tó hù lẹ́yìn òjò. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣì wà ní ìgbésẹ̀ kan sí i, níbi tó jókòó sí.

Àwọn tó kù pariwo ẹ̀rín. Oníbúrẹ́dì jókòó sílẹ̀ nínú koríko tútù. "Ẹ bá wa gbé ìkòkò wá!" ló ń ké. "Dírẹ́bà ti ṣọdẹ ọbẹ̀!" Dírẹ́bà náà rẹ́rìn-ín, ó gbọn irin rẹ̀ bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ṣùgbọ́n Télọ̀ nìkan ló wà nítòsí rẹ̀. Kí ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀, ó ti rí i tí Dírẹ́bà gbójú sókè sí òfuurufú, tó ń wá bọ́ọ̀lù tó rò pé òun ti gbá, tó sì rọra ní, "Ó dà?"

 Télọ̀ parí eré ọjọ́ náà, kò sì rántí bó ṣe gbá ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, Télọ̀ ká Dírẹ́bà mọ́ inú àtíbàbà tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ ìgékoríko sí. "Látìgbà wo?"

"Látìgbà wo ni kí ni?"

"Má fi mí ṣeré. Ojú rẹ."

Dírẹ́bà kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe àwàdà, ẹnu rẹ̀ sì ti là fún un, ṣùgbọ́n àwàdà náà kò jáde. Ó jókòó lé agolo epo kan. "Etí nǹkan ni mò ń rí," ló wí. "Àárín rẹ̀ ni kò sí mọ́. Bí mo ṣe ń wò ọ́ yìí, etí rẹ méjèèjì ni mò ń rí. Èyí tó wà láàrin wọn ti lọ. Má bínú, n kò pàdánù nǹkan gidi."

"O lọ rí dókítà ojú?"

"Mo lọ. Ó ní kò sí gíláàsì tó máa tún un ṣe."

"O sì ń fi bọ́ọ̀sì gbé ọmọ kiri?"

"Ọ̀nà yẹn, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Tí wọ́n bá fi aṣọ dì mí lójú, màá dé ilé ẹ̀kọ́ yẹn." Ó di ọwọ́ Télọ̀ mú. "Àna mi, tí sáà yìí bá ti parí, mo máa fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ náà ti ń kọ́ orin tí wọ́n máa fi dágbére fún mi. Gbogbo ọjọ́ ayé mi nídìí ọkọ̀, mi ò gbá èèyàn rí. Jẹ́ kí n fi iyì sọ̀ kalẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Télọ̀ gbà. Ibi tó ti ṣìṣe nìyẹn, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ gbè é. Ọ̀rẹ́ ló wò, ojú àna ló wò, kò wo bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bó ṣe délé ni bọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nínú orí rẹ̀. Ọmọ-ọmọ àwọn méjèèjì, ọmọbìnrin kékeré tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn láràárọ̀. Ìjókòó tó wà lẹ́yìn Dírẹ́bà gan-an ni tirẹ̀. Ó ń pe ọ̀kan nínú wọn ní Bàbá Télọ̀, ó ń pe èkejì ní Bàbá Bọ́ọ̀sì.

Ní Ọjọ́bọ̀, Dírẹ́bà wá sí ṣọ́ọ̀bù pé kí Télọ̀ tún ṣòkòtò kan ṣe fún òun, èyí tí òun máa wọ̀ lọ́jọ́ ìdágbére. Ó wọ̀ ọ́, ó dúró níwájú dígí, ó fa ikùn wọlé, ó ní, "Ṣé mo rẹwà?" bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ò lè wò ó. Télọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni, kò lè wò ó. Ó kúnlẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti fi pínnì mú etí ṣòkòtò náà, ojú rẹ̀ sì gba ẹnu ọ̀nà jáde sí ibi tí bọ́ọ̀sì wà. Ohun kan ti ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà funfun gígùn kan wà lára ọ̀dà náà, láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí ọkọ̀. Télọ̀ tó ń fi ojú wọn aṣọ lójoojúmọ́ kò nílò téèpù láti mọ bí ìlà náà ṣe ga tó. Ibi tí orí ọmọ kékeré máa dé ni.

"Kí ló ha ọkọ̀?"

"Garawa ìdọ̀tí kan. Atẹ́gùn ló gbé e sójú ọ̀nà."

"Atẹ́gùn wo? Kò sí atẹ́gùn láti ọjọ́ Ajé." Télọ̀ dìde. Ẹnu rẹ̀ kún fún pínnì, ó sì ní láti yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lè sọ̀rọ̀. "Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ọ, mo sì ti gba ẹ̀jẹ́ náà padà. Lọ sọ fún wọn lónìí."

 Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. "Ọ̀tunla ni àṣekágbá," ló wí. "Èmi àti ìwọ. Ọdún mẹ́ta lo ti ń wo ife yẹn bí ọmọ tí ń wo ẹran ẹlẹ́ran. Ṣé bó o ṣe fẹ́ gbà á nìyí?"

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀fẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó ti fi ẹ̀fẹ̀ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé látìgbà èwe, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ sọ òótọ́, ọ̀rẹ́ náà á máa wá ibi tí ẹ̀fẹ̀ wà nínú rẹ̀.

"Gba ife náà!" ni Télọ̀ pariwo. "Gbà á! Màá dúró níwájú gbogbo wọn, màá ní o lù mí bí aṣọ òfì! Ṣáà ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn sílẹ̀."

"Mi ò gba ife àánú lọ́wọ́ ẹni tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù kọjá igi." Dírẹ́bà bọ́ ṣòkòtò náà, pínnì ha á lẹ́sẹ̀, kò sì wò ó. Ó wọ tirẹ̀, ó fọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà, ó sì jáde. Ohun tó dun Télọ̀ jù ni pé òun dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́ bí ẹ̀rọ bọ́ọ̀sì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì lọ dí i lọ́nà.

Kò rí oorun sùn. Ó ro ti ọmọ rẹ̀ nílé ọkọ: ta ni ó máa gbè lẹ́yìn, bàbá rẹ̀ tàbí bàbá ọkọ rẹ̀? Ó ro ti Ẹgbẹ́ Sátidé, tí wọ́n máa ní ìlara ló mú un ṣe é. Ó ro ti orin tí àwọn ọmọ náà ń kọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wẹ̀, ó lọ sílé ọmọ rẹ̀, ó ní òun ló máa mú ọmọ-ọmọ òun lọ sí ibùdókọ̀ lónìí. Ọmọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀ pé kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè sọ ọ̀rọ̀ náà, ibùdókọ̀ ló sì ti fẹ́ sọ ọ́.

Àwọn ìyá mẹ́rin ti wà ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Bọ́ọ̀sì dé, ó dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Àwọn ọmọ tó ti wà nínú rẹ̀ ń pariwo bí wọ́n ṣe máa ń pariwo. Ọmọbìnrin kékeré náà fẹ́ sáré gòkè, Télọ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé," ni Dírẹ́bà wí. "Ọmọ mi dà? Ìjókòó rẹ ń dúró dè ọ́."

"Kò wọ bọ́ọ̀sì yìí lónìí," ni Télọ̀ dáhùn.

Dírẹ́bà dá ohùn náà mọ̀. Ojú rẹ̀ yí sí ibi tí ohùn ti wá, ó ku díẹ̀ kó wo ojú Télọ̀ gan-an. "Ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara rẹ̀ yá."

Àwọn ìyá náà wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti gbé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lé àtẹ̀gùn, dá a dúró. "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?" ló béèrè lọ́wọ́ Télọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ẹnu Télọ̀. Ó ti tún un sọ fúnra rẹ̀ ní gbogbo òru, ṣùgbọ́n ìsinsìnyí tó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ìjókòó yẹn, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí òun fúnra rẹ̀ rán fún un, kò lè sọ ọ́. 

Ọmọbìnrin kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ń fa ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá Télọ̀! Tí n kò bá lọ, ta ló máa sọ fún Bàbá Bọ́ọ̀sì pé iná ti pupa?"

"Kí lo wí?"

"Èmi ni mo máa ń sọ fún un! Iṣẹ́ mi ni. Tí mo bá ní pupa, wọ́n á dúró. Tí mo bá ní ó ti di àwọ̀ ewé, wọ́n á lọ." Ó nu imú rẹ̀. "Mo máa ń ṣe é dáadáa. Ọjọ́ tí mo sùn nìkan ni a kọlu garawa."

 Ìyá tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn rọra fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì gbé e mọ́ra bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ti dàgbà ju gbígbé lọ. Télọ̀ ń retí kí Dírẹ́bà bú òun. Ìbá sàn fún un bó bá bú u.

Dírẹ́bà pa ẹ̀rọ ọkọ̀. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó gbé e lé orí pátákó iwájú rẹ̀, ó sì fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó wà níbẹ̀. Kò yí ojú sí Télọ̀.

"Ẹ̀yin ìyá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó àwọn ọmọ yìí sọ̀ kalẹ̀. Ẹ rọra o. Àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ yẹn ga."