Ìdérí Tó Le Jù

Mọ́tò náà wà nínú pálọ̀ ìyá Oyèníran, wọ́n sì ti ṣí iwájú rẹ̀ sókè. Ìyá rẹ̀ jókòó sí àga ẹ̀yìn mọ́tò, ó gbé gèlè lé itan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Oyèníran mọ̀ pé ìyá òun ti kú, pé ẹ̀bá ọ̀nà ló kú sí lọ́jọ́ tí omi mọ́tò yìí gan-an hó tí wọn ò fi bá a dé ọsibítù. Síbẹ̀ ó wà láàyè báyìí, wọn ò sì tíì ti gééti ọsibítù. Bí wọ́n bá tètè gbéra, wọ́n á bá dókítà. Kò sí èyí tó yà á lẹ́nu níbẹ̀.

Ìdérí rédíétọ̀ nìkan ló kù kí wọ́n rà. Níbi tí tẹlifíṣọ̀n máa ń wà, tábìlì àwọn tó ń ta pàátì mọ́tò ló wà, ìdérí sì kún orí rẹ̀. Láníyì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń tà wọ́n. Láníyì náà ti kú. Òun ló wa mọ́tò lọ́jọ́ burúkú ọjọ́sí, Oyèníran ò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi gba òun náà. Kódà, ó ní kó má fọwọ́ kan pósí ìyá wọn. Gíríìsì ṣì wà lábẹ́ èékánná Láníyì. Oyèníran ò kí i. Kí ló fẹ́ kí i fún?

Àwọn ìdérí ń pariwo bí ọmọ iléèwé tí tíṣà wọn jáde. Èyí tó rọ̀ jù ní, "Bí omi bá gbóná jù, màá la ẹnu, màá jẹ́ kó mí." Oyèníran pòṣé. Irú rẹ̀ ló wà lórí mọ́tò lọ́jọ́ náà, tó ń tu èéfín sójú títì tí gbogbo ayé ń wò wọ́n. Èyí tó le jù dákẹ́ ní tirẹ̀. Sípíríǹgì inú rẹ̀ nípọn bí àtàńpàkò. Oyèníran bi í pé ìgbà wo ló máa ń ṣí.

"Èmi kì í ṣí," ó ní.

Oyèníran mú un.

"Ìyẹn ti le jù fún mọ́tò yìí, Níran," Láníyì wí. "Ìdérí kì í wo rédíétọ̀ sàn. Bó o bá sé e mọ́ lókè, ibi tó ti gbó nísàlẹ̀ ló máa gbà jáde."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Ìwọ tó o fi ẹyin dí i?"

Kò parọ́ mọ́ ọn. Rédíétọ̀ náà ti ń jò tipẹ́, Láníyì sì fọ́ ẹyin sí i bí àwọn awakọ̀ ṣe máa ń ṣe, kí ẹyin lè jinná síbi tó ń jò kó sì dí i. Ẹyin náà ti pa báyìí. Àwọn ọmọ adìẹ ń ké nínú omi. Oyèníran gbọ́ wọn dáadáa, ó fi ìdérí dé wọn mọ́bẹ̀, ó lọ́ ọ títí ó fi fún, wọ́n sì dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń sọ̀rọ̀ sí bẹ́ẹ̀," ìyá wọn wí láti ẹ̀yìn. "Jẹ́ kó wọ mọ́tò, ká jọ lọ."

"Àyè ò sí, Màmi."

Àyè wà. Àga ẹ̀yìn gba ẹni mẹ́ta.

Ògiri pálọ̀ ti di ojú títì, Oyèníran sì ń wa mọ́tò náà sáré lórí rẹ̀. Géèjì ooru ò mira. Èéfín kankan ò jáde. Inú rẹ̀ dùn, ìdùnnú burúkú, irú èyí tí ènìyàn máa ń ní tí ẹni tó kórìíra bá tẹ́. Ó ń wá Láníyì nínú dígí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn kó lè rí i pé báyìí ni wọ́n ṣe ń wa mọ́tò. Ìyá rẹ̀ ló rí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ò là, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti wú. Wọ́n ní ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n Oyèníran ò wá ọ̀rọ̀ lọ. Ọsibítù ló ń lọ.

Lẹ́bàá afárá tí wọ́n ti ń sun àgbàdo, níbi tí ìyá wọn kú sí gan-an, rọ́bà ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ bẹ́. Gbogbo omi dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gééti ọsibítù wà lọ́ọ̀ọ́kán, aṣọ́nà ń tì í. Ìdérí ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. Kò ṣí.

Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là.

"Láníyì dà?"

"Ó ti kú, Màmi."

"Ibo lẹ sin ín sí?"

Oyèníran ò mọ̀. Kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Mọ́tò kan dúró ní òdìkejì títì, mọ́tò yìí kan náà, ó ń tu èéfín fùù fùù. Láníyì sọ̀ kalẹ̀, ó bu omi sí i, ó ṣílẹ̀kùn fún ìyá wọn. Oyèníran sáré lọ bá wọn. Ó ní òun náà máa bá wọn lọ. Ó pe Láníyì ní Bọ̀dá mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ sójú ọ̀dà.

Ìyá rẹ̀ wo àga ẹ̀yìn tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àyè ò sí," ó ní.

Wọ́n lọ. Oyèníran padà sídìí mọ́tò, ó gbá ìdérí mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń lọ́ ọ, ó ń jó o lọ́wọ́, kò ṣí. Nísàlẹ̀, àwọn ọmọ adìẹ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹnu rọ́bà tó bẹ́, omi ń kán lára wọn. Wọ́n sọdá títì, wọ́n sì tẹ̀ lé Láníyì.